Ìjàpá, Aláǹtakùn àti Gbèsè Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Aláǹtakùn tó ń yá gbogbo ìlú lówó, ó sì fara gbá Òbúkọ díẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko, bàbá Yánníbo kú. Bàbá gbó, ó tọ́, ó fọwọ́ rọrí sùn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: òkú àgbà kì í ṣe òkú ẹkún, òkú jíjẹ mímu ni. Ẹbí pàdé, wọ́n ní kí àna kọ̀ọ̀kan ṣe bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Agbára Ìjàpá kò ju akèrègbè ẹmu kan àti iṣu mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé ọkọ àbúrò Yánníbo ń fa àgbò méjì bọ̀.

"Èmi tí mo fẹ́ àkọ́bí!" ni Ìjàpá wí. "Àgbò méjì kẹ̀? Màlúù ni tèmi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Ẹ má bi mí bí ẹranko ṣe ń pa ẹranko ṣòkú. Inú àlọ́ la wà.

Yánníbo ní, "Olówó orí mi, bàbá mi ló kú o, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọ́ ni bàbá ń jẹ láyé rẹ̀." Kó tó sọ ìyẹn tán, Ìjàpá ti dé ìta.

Ọ̀dọ̀ Erin ló kọ́kọ́ yà sí. Erin ka ọ̀kẹ́ méjì fún un, ìyẹn 40,000, nítorí 20,000 owó ẹyọ ló máa ń wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Àdéhùn wọn ni pé kí Ìjàpá máa wá kọ ebè lóko Erin ní ọrọọrún títí yóò fi rí owó náà dá padà. Ìwọ̀fà nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n dunjú, òkú ṣíṣe sì wà lára ohun tó ń sọ ọmọlúàbí di ìwọ̀fà láyé wọn. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Kò dín ẹyọ kan kù nínú owó tó yá. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kọ ebè, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ara rẹ̀, gbogbo 40,000 yẹn náà ló máa kó sílẹ̀. Àwọn kan máa ń pe èyí ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́. Kí wọ́n yáa tún ìwé tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù kà.

Ó kúrò níbẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Ológbò aláṣọ lọ, ó gba sányán láwìn fún gbogbo ilé rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan nìyẹn. Ajá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú àpò, ó kó 8,000 fún un, kò sọ̀rọ̀ èlé, ó ní, "Ìgbà tó o bá rí i." Síbẹ̀ owó onílù kò tíì sí. Ìgbà náà ni Ìjàpá yíjú sí Aláǹtakùn.

Aláǹtakùn kì í jẹ́ kéèyàn rìn jìnnà. Ó ti ta okùn láti orí igi dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ẹni tí ìnáwó bá ká mọ́ lóru, kó ṣáà fa okùn. Kò béèrè onídùúró. Kò béèrè ohun ìdógò. Ohun kan péré ló béèrè: kí Ìjàpá ka orúkọ gbogbo ẹni tó mọ̀ fún un, ìyá, ìyàwó, àna, ọ̀gá, ọ̀rẹ́, títí dé ẹni tí wọ́n jọ ń pọn omi lódò.

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Ìjàpá béèrè.

"Ká ṣáà mọ̀ wọ́n ni," Aláǹtakùn dáhùn, ojú rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìjàpá ka orúkọ tán, owó sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀kẹ́ kan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tó kà á nílé, 17,000 ló bá níbẹ̀. Ó fa okùn, ó ní 3,000 tó kù ńkọ́. Aláǹtakùn ní owó iṣẹ́ ni, àti pé kí Ìjàpá dá 20,000 padà lọ́jọ́ kẹrìnlá.

Wọ́n ṣòkú. Ìlú mì. Ìjàpá ná onílù, ó ná akéwì, ó ná ẹni tó bá a gbé fìlà nígbà tó já bọ́. Àwọn àna di ẹran mọ́ ewé, wọ́n gba ilé wọn lọ, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí owó ti wá. Ọkọ àbúrò Yánníbo tó pa àgbò méjì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé, Ìjàpá dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́, Ẹ̀gà dé.

Ẹ mọ ẹyẹ ẹ̀gà? Kì í wá lóun nìkan. Wọ́n bo igi ẹnu ọ̀nà Ìjàpá débi pé ewé kò ṣeé rí mọ́, wọ́n sì lanu. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo,
*Owó dà?*
Ó pa màlúù lójú agbo,
*Owó dà?*
Ó ná onílù, ó ná akéwì,
*Owó dà?*
Ó ní ọ̀la ni, ọ̀la ti lọ,
*Owó dà?*
Ẹ bá wa bi í, ẹ̀yin àna rẹ̀,
*Owó dà? Owó dà? Owó dà?*

Wọ́n kọ ọ́ tán lọ́dọ̀ Ìjàpá, wọ́n fò lọ kọ ọ́ fún ìyá Yánníbo létí odò. Wọ́n kọ ọ́ lóko Erin. Wọ́n kọ ọ́ fún Àkàn, tí Ìjàpá kí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún tó kọjá. Ní ibi tí orin bá ti kúrú, wọ́n ń fi tiwọn kún un: olè ni, ó ti sálọ, ó ti kú. Ẹni tó bá ti gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lórí fóònù, nípa ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí níbìkan, kò nílò kí n ṣàpèjúwe Ẹ̀gà fún un. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọdún 2022 ni àjọ FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, nígbà tí igbe àwọn tí wọ́n dójú tì ti pọ̀ jù. Ní ìlú àwọn ẹranko, Kìnìún náà ṣòfin. Aláǹtakùn lọ forúkọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, Ẹ̀gà sì ṣí lọ sórí igi kejì.

Ológbò ní tirẹ̀ kò ní ẹyẹ. Òbúkọ ló rán. Iṣẹ́ ológò ni Òbúkọ ń ṣe, iṣẹ́ àtijọ́ ni: ẹni tí olówó rán lọ dógò ti ajigbèsè nínú ilé rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa irú wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ohunkóhun lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá wù ú nínú ilé ló lè jẹ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òbúkọ tẹ́ ẹní sí ojú ọ̀nà gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní kọjá láì tẹ̀ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ̀kọ Yánníbo tewétewé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ inú ọbẹ̀. Òórùn rẹ̀ sì wọ inú ìkòkò, ó wọ aṣọ, ó wọ sányán tí wọn kò tíì san owó rẹ̀; àwọn oníbàárà Yánníbo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀kọ wọn níbòmíràn. Ẹni tó wá gba owó ló ń ba ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé jẹ́. Mo ti rí olówó tó gbọ́n ju èyí lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀.

Kí ni Ìjàpá ṣe? Ó fa orí wọnú karawun. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ohùn kan á dáhùn láti inú pé, "Ìjàpá ò sí nílé."

"Ta wá ló ń dáhùn?"

"Ilé rẹ̀ ni."

Bó bá di òru, á yọrí, á fa okùn mìíràn. Okùn mìíràn, orúkọ mìíràn, Aláǹtakùn kan náà. Ó ń fi gbèsè san gbèsè. Ní oṣù kan, gbèsè Aláǹtakùn nìkan jẹ́ 38,000. Èlé oṣù náà gùn ún lórí, 4,000. Ìjàpá pa ekùrọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó wá 2,000 jáde, ó san án, ó sì yọ̀. Lẹ́yìn tó san tán, 40,000 ló jẹ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Lékèélékèé ti òkè òkun bọ̀. Aṣọ funfun báláú ni, kò sì sẹ́ni tó béèrè owó ta ló fi fọ̀ ọ́. Ó yà kí Yánníbo, ó gbọ́ òórùn Òbúkọ, ó gbọ́ orin Ẹ̀gà, ó mi orí.

"Ní ìlú ọba níbi tí mo ti ń bọ̀," ó ní, "wọn kì í ṣe é báyìí mọ́. Ní England àti Wales, láti ọdún 2021, ẹni tí gbèsè bá fún lọ́rùn lè gba ọgọ́ta ọjọ́ ìsinmi. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbèsè, wọn kò ní gun èlé lé e, wọn kò ní kanlẹ̀kùn rẹ̀. Á jókòó ti ẹni tó mọ̀wé gbèsè, wọ́n á ka ohun tó ń wọlé, wọ́n á ka ohun tí ẹnu ń jẹ, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á máa pín fún gbogbo olówó lóṣooṣù, títí yóò fi tán. Àwọn kan ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tiwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ. Ẹ sá fún àwọn ìyẹn."

Yánníbo wò ó. "Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ ọ́n tó báyìí?"

Lékèélékèé tún ìyẹ́ rẹ̀ tò. "Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

Yánníbo kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ rárá. Ó rán ọmọ sí Bàbá Ìgbín, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gun orí ẹní, ó yọ ìwo méjèèjì, ó ní, "Ìjàpá, jáde. Gbogbo ẹni tó o jẹ, dárúkọ wọn."

Ìjàpá yọ orí díẹ̀. Ó dárúkọ Erin, ó dárúkọ Aláǹtakùn, ó pa Ológbò mọ́ ẹnu díẹ̀ kó tó tu ú jáde, ó dárúkọ Ajá. "Ó tán."

Ìgbín dúró. Ó mọ bí a ti ń dúró. Láìpẹ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mì, ó wú sókè, imú kan tí ẹrẹ̀ bò yọ jáde.

"Ọlọ mi ńkọ́?" ni Ẹlẹ́dẹ̀ wí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlọ́ yẹn rí lẹ mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí Ẹlẹ́dẹ̀ wá gba owó, tí Ìjàpá fẹ̀yìn lélẹ̀, tí Yánníbo ń lọ ata ní àyà rẹ̀ bí ẹni tó ń lo ọlọ, tí Ẹlẹ́dẹ̀ bínú gbé "ọlọ" jù sínú igbó, tí Ìjàpá sì gba ẹ̀yìn wọlé pé òun kò ní sanwó àfi tí òun bá rí ọlọ òun. Láti ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́dẹ̀ ti ń fimú túlẹ̀. Yánníbo wo ìsàlẹ̀, nítorí òun náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yẹn. Gbèsè Ẹlẹ́dẹ̀, 12,000 ni.

Ìgbín rò ó pọ̀: 40,000 ti Erin, 40,000 ti Aláǹtakùn, 20,000 ti Ológbò, 12,000 ti Ẹlẹ́dẹ̀, 8,000 ti Ajá. 120,000, ọ̀kẹ́ mẹ́fà géérégé. Yánníbo fọwọ́ bo ẹnu. Ìjàpá alára kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ òkú kò tíì kó wọn jọ sójú kan kà rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sá fún wọn.

"Ó yá, ohun tó ń wọlé." Yánníbo da owó ẹ̀kọ oṣù kan sórí ẹní, Ìjàpá da owó ekùrọ́ lé e. Ìgbín ń kà á ní márùn-ún márùn-ún, bí àwọn àgbà ti ń ka owó ẹyọ, ó ń fi àyà wọ́ wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ẹyọ tó bá kà tán ń dán yinrin, itọ́ rẹ̀ ti bò wọ́n, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìjàpá fẹ́ jí mẹ́rin níbẹ̀, mọ́kàndínlógún tẹ̀ lé e. Ó dá wọn padà. 7,000 ni gbogbo rẹ̀.

Ìgbín wọ́ 4,000 sọ́tọ̀. "Èyí ni oúnjẹ, epo, àgbo àwọn ọmọ, àti ewé ẹ̀kọ tí Yánníbo á fi ṣòwò. Àti àjọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Òbúkọ gbórí sókè lójú ọ̀nà. "Ajigbèsè á máa jẹun, olówó á máa wò ó?"

"Oúnjẹ rẹ̀ lo ń jẹ lẹ́nu báyìí," ni Ìgbín wí.

3,000 ló ṣẹ́kù. Wọ́n pe àwọn olówó sábẹ́ igi odán. Ìgbín pín in bí gbèsè oníkálukú ṣe tóbi tó: 1,000 fún Erin lóṣù, 1,000 fún Aláǹtakùn, 500 fún Ológbò, 300 fún Ẹlẹ́dẹ̀, 200 fún Ajá. Ogójì oṣù ni, gbogbo gbèsè á tán. Ṣùgbọ́n èlé gbọ́dọ̀ dúró lónìí, oko Erin gbọ́dọ̀ dúró, Òbúkọ gbọ́dọ̀ ká ẹní rẹ̀.

Ajá ló kọ́kọ́ gbà. Ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa wojú òun padà. Ẹlẹ́dẹ̀ ń sunkún ayọ̀: láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ẹyọ kan fún un. Ológbò béèrè iye tí òun ti ná lórí Òbúkọ, ó ṣírò rẹ̀, ó gbà kíá. Erin jà fún èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀sán náà. Ó ní ta ni yóò máa kọ ebè òun? Ìgbín ní, "Ọjọ́ tó bá wà lóko yín, Bàbá, kì í pa ekùrọ́. Bí kò bá pa ekùrọ́, 1,000 yín kò sí. Ẹ mú ọ̀kan." Erin mú owó, kò sì fi ẹ̀rín mú un.

Ó ku Aláǹtakùn. "Èlé mi," ó ní. "Èlé ni mo fi ń gbé ayé."

"Oṣooṣù ni Ẹ̀gà ń jẹ ọkà bàbà yín. Èló?"

Aláǹtakùn dákẹ́. Ẹ̀gà, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́, dáhùn látòkè pé, "1,500!"

"Èló ni wọ́n sì ń rí gbà lọ́wọ́ Ìjàpá lóṣù?"

"2,000!"

"500 ló ń kù fún yín nígbà náà, pẹ̀lú gbogbo ariwo," ni Ìgbín wí. "1,000 ni mo gbé kalẹ̀ yìí, kò sí ariwo níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gun èlé lọ tí Ìjàpá fi kú, karawun rẹ̀ nìkan lẹ ó jogún. Ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta karawun lọ́jà."

Ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ṣírò. Ó pẹ́. Ó gbà.

Wọ́n já okùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ yáwó mọ́, kò gbọdọ̀ ra aṣọ ẹbí, títí ogójì oṣù yóò fi pé. Kò sí ìdáríjì nínú ètò náà. Gbogbo ẹyọ tó jẹ ló máa san.

Ẹ má rò pé Ìjàpá di ẹlòmíràn. Ní oṣù kejìlá, ó kọ pátákó sábẹ́ igi: "Ìjàpá àti Àwọn Ọmọ. A ń bá yín san gbèsè." Ehoro kó owó oṣù méjì wá. Nígbà tí àwọn olówó Ehoro kò rí nǹkan kan, Ehoro wá bèèrè, Ìjàpá ní, "Owó iṣẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rántí ibi tó ti kọ́ ọ. Yánníbo fi pátákó dáná ẹ̀kọ, ó ní kí Ìjàpá fi owó ẹmu rẹ̀ dá ti Ehoro padà. Oṣù mẹ́ta ni Ìjàpá fi mu omi. Ìgbà tí Àmọ̀tẹ́kùn joyè, tí gbogbo ìlú wọ aṣọ kan náà, sányán àtijọ́ ni Ìjàpá wọ̀ lọ, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ó jẹ ìyán, ó wálé.

Ní gbogbo ìparí oṣù, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé owó lọ sábẹ́ igi odán. Àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ di orin:

Erin, ẹ gba ẹgbẹ̀rún,
*Owó rè é!*
Ológbò, má fi èékánná kà á,
*Owó rè é!*
Ajá ọ̀rẹ́ mi, igba ni tìrẹ,
*Owó rè é!*
Ẹlẹ́dẹ̀, gbé imú kúrò nílẹ̀,
*Owó rè é! Owó rè é! Owó rè é!*

Oṣù kẹrìndínlógójì le. Òjò ba ekùrọ́ jẹ́, 2,400 péré ló wà. Ìjàpá fẹ́ wọnú karawun bí ìṣe rẹ̀. Yánníbo ti orí rẹ̀ jáde, ó ní kó lọ wí. Ó lọ wí. Ìgbín pín 2,400 bó ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀, gbogbo olówó kùn, wọ́n sì gbà á. Èyí tó dín ni wọ́n fi kún oṣù tó kẹ́yìn. Ohun tó ya Ìjàpá lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀ràn náà nìyí: pé èèyàn lè sọ fún olówó pé owó ò pé, kí ilẹ̀ má sì lanu.

Ogójì oṣù pé. Ẹlẹ́dẹ̀ gba ẹyọ tó kẹ́yìn nínú 12,000 rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dì í mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì ó tún ń fimú túlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ti san owó òun. Ọlọ yẹn gan-an ló wu òun rí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, okùn tuntun kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá. Ẹ̀gà mẹ́ta bà lé e, ìyẹ́ wọn mọ́, ohùn wọn rọ̀. "Oníbàárà wa pàtàkì, Bàbá Ìjàpá, ẹ kú àdúrótì. Nítorí ẹ jẹ́ ẹni tó ń sanwó, Aláǹtakùn ti ya ọ̀kẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún yín. Kò sí onídùúró, kò sí ìdógò. Ẹ ṣáà fa okùn."

Ìjàpá na ọrùn. Ó wo okùn, ó wo Yánníbo tó ń ro ẹ̀kọ lórí iná, ó tún wo okùn. Ó ní, "Èló ló máa dé ọwọ́ mi, èló ni màá dá padà?"

Wọn kò kọ́ Ẹ̀gà ní ìdáhùn ìyẹn. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè: "Oníbàárà wa pàtàkì..." Yánníbo ní kí wọ́n yẹra lójú iná, ìyẹ́ wọn ń já bọ́ sínú ẹ̀kọ.